Ẹ Má Tíì Kó Ohùn Bàbá Sínú Dísìkì Yẹn

Ìbéèrè: Okun o, ẹ̀gbọ́n. Tíṣà ni mí ní Ìsánlú. Kí bàbá mi tó papòdà, mo gba ohùn wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pìtàn ìdílé wa, tí wọ́n sì ń ki oríkì wa ní Yàgbà, bíi wákàtí mẹ́rìnlá, irú fáìlì ohùn tí wọ́n ń pè ní WAV ni gbogbo rẹ̀. Inú láptọ́ọ̀pù mi tó ń lo Windows 11 Home ló wà, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́sàn-án àti fọ́tò, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180GB. Mo wá ra hard drive 2TB tuntun ní Lọ́kọ́ja láti fi pa ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní kí n fọ́ọ̀mátì í. Ẹ̀rù bà mí, mo yọ ọ́. Ṣé dandan ni? Àbúrò mi ní Àbújá ń lo Mac, òun náà fẹ́ máa kó tirẹ̀ sí i tó bá wálé. Dísìkì àtijọ́ kan ṣì wà lọ́wọ́ mi tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́. Ṣé kí n ṣì máa lò ó?

Ìdáhùn: Okun o, Tíṣà. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ó dára bí ẹ ṣe fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kábà, wọ́n á ti tẹ Format tán kí wọ́n tó rántí bi èèyàn. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ tiyín, bẹ́ẹ̀ ni, dandan ni, kò sì léwu, torí dísìkì náà ṣófo. Iṣẹ́ fọ́ọ̀mátì fúnra rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibi tí mo fẹ́ ká pẹ́ sí ni àwọn nǹkan tó yí i ká, torí ibẹ̀ ni ohùn àwọn bàbá ẹlòmíràn ti sọnù.

Ẹ wo oko iṣu. A kì í sọ iṣu sórí ilẹ̀ gbalasa. Àgbẹ̀ á kọ́kọ́ kọ ebè, á mọ poro, á mọ ibi tí ó gbin kí ni sí. Ebè kíkọ ni fọ́ọ̀mátì nínú dísìkì. Windows ní bó ṣe ń kọ tirẹ̀, NTFS ni wọ́n ń pè é. Mac ní tirẹ̀, APFS. Ọ̀kan tún wà tó ń jẹ́ exFAT, àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n. Dísìkì tuntun tí kò ní ebè kankan, tàbí tó ní irú ebè tí Windows kò mọ̀, ni kọ̀ǹpútà yóò wò títí, yóò sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun kọ ọ́. Kò túmọ̀ sí pé ó bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan náà gan-an ni kọ̀ǹpútà máa ń sọ nígbà tí dísìkì tí ẹrù ti wà nínú rẹ̀ bá ṣàìsàn. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí dísìkì tí ẹ ti ń lò, ẹ tẹ Cancel, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Iṣu ṣì wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀, ojú ebè ni kò hàn mọ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tún ebè kọ ni yóò fi ọkọ́ gé iṣu.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọ ebè tiyín. Kí ẹ tó so dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ yọ gbogbo fláàṣì àti mémórì káàdì tó wà lára rẹ̀ kúrò. Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, fláàṣì oníbàárà wà lára kọ̀ǹpútà mi, mo fẹ́ fọ́ọ̀mátì dísìkì tuntun fún ẹlòmíràn, ọwọ́ mi bọ́ sórí fláàṣì. Ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ lọ́jọ́ kejì ló wà nínú rẹ̀, ojú ewé mẹ́rìndínlógún. Mo jókòó tì í títí di ìdájí, mò ń fi ojú wo ẹ̀dà tí wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ sórí bébà, mò ń tẹ̀ ẹ́ padà lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. Láti ọjọ́ náà, nǹkan méjì kì í wà lára kọ̀ǹpútà mi nígbà tí mo bá fẹ́ fọ́ọ̀mátì.

Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ àmì Windows nísàlẹ̀, ẹ mú Disk Management. Nínú ohun tó bá ṣí, ẹ wo apá ìsàlẹ̀. Disk 0 sábà máa ń jẹ́ ti inú kọ̀ǹpútà gan-an, ẹ má fọwọ́ kàn án. Disk 1 yóò jẹ́ tiyín. Ẹ má fi nọ́ńbà nìkan dá a mọ̀ o, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Tó bá sún mọ́ 2TB, òun ni. Tí kọ̀ǹpútà bá bi yín léèrè nípa Initialize, ìyẹn bó ṣe máa to dísìkì tuntun sílẹ̀, ẹ mú GPT, ẹ fi MBR sílẹ̀. Ti àtijọ́ ni MBR, kò sì lè kọjá 2TB. Lẹ́yìn náà, tí ẹ bá rí Unallocated, ìyẹn àyè tí a kò tíì pín, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ ẹ́, ẹ mú New Simple Volume, kí ẹ máa tẹ Next lọ. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti pín àyè náà tẹ́lẹ̀, Format ni ẹ ó mú níbẹ̀.

Ẹ ó rí àpótí tó ń bèèrè nǹkan mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́, ẹ mú NTFS. Ti èkejì, Allocation unit size, ẹ fi í sílẹ̀ ní Default. Ti ẹ̀kẹta ni orúkọ. Ẹ má pè é ní New Volume, gbogbo dísìkì tí kò ní bàbá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é ní ISANLU1. Ẹ jẹ́ kí àmì wà lórí quick format. Èyí tí kì í ṣe quick yóò yẹ gbogbo ojú dísìkì wò, ó lè gba wákàtí púpọ̀ lórí 2TB, àyẹ̀wò mìíràn tí a fẹ́ ṣe yóò sì ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Ẹ tẹ OK, kí ẹ tó parí mímu omi ó ti ṣe tán. Ẹ ó rí i pé 1.81TB ni kọ̀ǹpútà ń pè é. Ẹ má bá ẹni tó tà á fún yín jà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ń fi 1,000 ka tirẹ̀, Windows ń fi 1,024 ka tirẹ̀, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti wá.

Kí ló dé tí mo fi ní NTFS, tí kì í ṣe exFAT tí Mac àbúrò yín náà mọ̀? Nítorí iná ni. NTFS ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sí kó tó ṣe é. Tí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́, nígbà tó bá padà dé, á wo ìwé náà, á mọ ibi tí òun dé, á sì tún ara rẹ̀ ṣe. exFAT kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní láptọ́ọ̀pù ni tiyín, ó ní bátìrì. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Láptọ́ọ̀pù mélòó ní yàrá àwọn olùkọ́ ni bátìrì rẹ̀ ṣì lè gbé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n bá yọ wáyà? Èyí tí bátìrì rẹ̀ ti kú kò yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bí NEPA bá ti mú iná lọ, ó parí nìyẹn. FAT32 tó dàgbà ju exFAT lọ kò tilẹ̀ kan ọ̀rọ̀ wa, fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB kò lè wọ inú rẹ̀.

Ní ti Mac àbúrò yín, Mac lè ka NTFS, kò lè kọ nǹkan sí i bó ṣe wà. Ètò Time Machine tí Mac fi ń pa ẹ̀dà mọ́ kò sì fẹ́ NTFS tàbí exFAT, yóò ní kí ẹ jẹ́ kí òun nu gbogbo dísìkì náà kí òun kọ ebè tòun. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Àbúrò yóò so ó mọ́ Mac rẹ̀ lálẹ́, oorun ti ń kùn ún, Mac á bi í pé ṣé kí òun nu ún, á ní bẹ́ẹ̀ ni, ohùn Bàbá á sì lọ. A lè pín dísìkì náà sí méjì, ìdajì NTFS, ìdajì ti Mac, kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn lójú ẹ̀rọ. Èmi ò fara mọ́ ọn. Dísìkì kan náà ni, bó bá kú, ó kú pẹ̀lú ẹrù ẹni méjì. Àti pé tó bá gbé e lọ sí Àbújá, kí ni ẹ̀yin ó fi pa ẹ̀dà tiyín mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn? Ẹ sọ fún un pé kó ra tirẹ̀. Apple fúnra wọn ní kí dísìkì Time Machine tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n dísìkì inú Mac, ó kéré tán.

Wàyí o, kí ẹ tó kó ohunkóhun sí i, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà tó éékà tí wọ́n tà fún yín. Mo ti tú ọ̀kan lórí tábìlì mi tí wọ́n kọ 16TB sí lára. Ìyá kan ló gbé e wá, fídíò ìgbéyàwó ọmọ wọn kò ṣí mọ́. Mo fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ la etí rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mémórì káàdì kékeré kan, 64GB, irú èyí tí à ń fi sí fóònù, tí wọ́n kì bọ pátákó aláwọ̀ ewé kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni nọ́ọ̀tì irin méjì wà, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ike kí nǹkan náà lè wúwo lọ́wọ́. Ìyá náà mú nọ́ọ̀tì kan, wọ́n yí i wò lójú ìka, wọ́n ní, “Èyí ni mo sanwó rẹ̀?”

Bí ayédèrú yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Wọ́n ti kọ́ ọ láti purọ́ fún kọ̀ǹpútà nípa ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ ó máa kó ẹrù sí i, kò ní ráhùn. Tó bá ti kún, á máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, tàbí kó máa da tuntun nù. Orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan á wà níbẹ̀ pérépéré, ìwọ̀n rẹ̀ á wà níbẹ̀, ó di ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i.

2TB tiyín kì í ṣe ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń yí jù, àmọ́ kò wọ́n láti dán an wò. Ẹ wá ètò kan tó ń jẹ́ H2testw, ọ̀fẹ́ ni, ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà kan ní Jámánì tó ń jẹ́ c't ló gbé e jáde. Yóò kọ fáìlì sínú dísìkì, yóò tún kà á padà láti mọ̀ bóyá ohun tó kọ ló kà. Tí ẹ bá ní kó dán gbogbo 2TB wò, ẹ ti wọ wàhálà. Dísìkì tó ń yí sábà máa ń kọ bíi mẹ́gábáìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ó lè gbà tó wákàtí mọ́kànlá láti kọ ọ́ kó sì kà á, iná wa ò sì lè ṣe ìyẹn. Ẹ kọ 150000 síbi tó ti ń bèèrè iye MByte. Ìyẹn jẹ́ 150GB, kíkọ rẹ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, kíkà rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ayédèrú tó ní 64GB nínú á ti tú àṣírí ara rẹ̀ kó tó débẹ̀. Tó bá kọ “Test finished without errors”, ẹ nu àwọn fáìlì tó kọ, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi ọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́, hard drive gidi tó ń yí á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ bí ológbò tó ń sùn.

Mo ní kí dísìkì yìí ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn. Kì í ṣe ibi tí à ń kó fíìmù sí. Kì í ṣe èyí tí ẹ ó gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà láti fi tẹ ìbéèrè ìdánwò jáde. Irú ṣọ́ọ̀bù yẹn, tèmi náà wà níbẹ̀, fláàṣì bí ogójì ló ń wọ kọ̀ǹpútà wa lójúmọ́. Ẹ ti rí fáírọ́ọ̀sì tó máa ń fi àwọn fódà pamọ́, táá wá fi àwòrán fódà tó ní ọfà kékeré rọ́pò wọn. Ibẹ̀ ló ti ń mú èèyàn. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ nǹkan, ẹ fi fláàṣì gbé e. ISANLU1 kò gbọdọ̀ mọ kọ̀ǹpútà mìíràn ju tiyín lọ, àfi lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ dán an wò, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Báwo wá ni ẹrù ṣe máa wọlé? Ẹ lè máa fi ọwọ́ kó fódà síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, àmọ́ ọwọ́ a máa gbàgbé. Windows ní ètò kan nínú Control Panel, File History, ọdún 2012 ni wọ́n gbé e wọlé pẹ̀lú Windows 8, ó sì ṣì wà nínú 11. Ẹ ṣí i, ẹ fi ISANLU1 hàn án, ẹ tẹ Turn on. Wákàtí wákàtí ló fi ń wò bóyá ẹ ti yí nǹkan padà tí dísìkì bá wà lára kọ̀ǹpútà. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé kì í da ẹ̀dà àtijọ́ nù nígbà tí tuntun bá dé. Ìbéèrè ìdánwò tí ẹ ti bàjẹ́ lọ́jọ́ Tuesday, ti ọjọ́ Monday ṣì wà níbẹ̀.

Ihò méjì wà lójú ọ̀nà yẹn, èèyàn máa ń já sínú wọn láìmọ̀. Ti àkọ́kọ́, File History kì í kó gbogbo kọ̀ǹpútà. Desktop, Documents, Pictures, Music, Videos àti irú wọn ló ń kó. Tí ẹ bá ti dá fódà kan sílẹ̀ ní D: tí ẹ pè ní OHÙN BÀBÁ, kò ní rí i rárá. Ẹ gbé e lọ sínú Music, tàbí kí ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ fódà náà kí ẹ wá Include in library. Ti èkejì ni OneDrive, ibi tí Microsoft ti ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun, Desktop àti Documents ti wà lábẹ́ OneDrive láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀, 5GB péré sì ni ọ̀fẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá rí àmì ìkùukùu kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì, òjìji rẹ̀ nìkan ló wà lọ́dọ̀ yín, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ara rẹ̀ wà. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ ẹ́, ẹ mú Always keep on this device, kó sọ̀ kalẹ̀ tán kí ẹ tó pa ẹ̀dà mọ́.

Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú nípa Windows fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó bá kú, èmi á tún Windows gbìn sí òmíràn láàárín wákàtí kan. Kò sí ibi tí mo ti lè tún ohùn Bàbá rí.

Ìgbà àkọ́kọ́ ló máa pẹ́. Ẹ lo ihò USB tí inú rẹ̀ jẹ́ búlúù tàbí tí wọ́n kọ SS sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kọ̀ǹpútà yín bá ní i. 180GB lè wọlé láàárín wákàtí kan tàbí méjì, àwọn fáìlì kéékèèké ló ń fà á gùn. Nínú ihò USB 2, á tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ ṣe é nígbà tí iná bá dúró tàbí lórí sólà, kí ẹ má ṣe é nígbà tí òjò bá ń ṣú. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tó. Ẹ so ó, ẹ ṣí File History, ẹ tẹ Run now, ẹ dúró kó parí, ẹ tẹ Eject, kí ẹ tó fa wáyà. Ẹni tó fa wáyà nígbà tí iná dísìkì ṣì ń ṣẹ́jú dà bí ẹni tó já ìwé gbà lọ́wọ́ akọ̀wé tí kò tíì fi àmì sí òpin gbólóhùn.

Ẹ yọ ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà. Oṣù karùn-ún ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì WannaCry ti fáìlì àwọn èèyàn pa káàkiri ayé, ó sì ń bèèrè owó, títí kan ilé ìwòsàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé dísìkì kan jẹ́ ti ẹ̀dà. Ohun tó bá bá lára kọ̀ǹpútà ló ń tì. Àrá tó bá sán pẹ̀lú kò mọ ìyàtọ̀.

Èyí tí mo ní mò ń bọ̀ lórí rẹ̀ rèé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yá láptọ́ọ̀pù olùkọ́ ẹgbẹ́ yín kan tó mọ́ tónítóní, ẹ so ISANLU1 mọ́ ọn, ẹ má tẹ ohunkóhun tó bá ní fọ́ọ̀mátì tàbí scan. Ẹ ṣí fódà FileHistory, ẹ máa wọlé lọ: orúkọ yín, orúkọ kọ̀ǹpútà yín, Data, C, Users. Títí ẹ ó fi dé Music. Ẹ ó rí i pé ó ti so ọjọ́ àti aago mọ́ ìdí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú UTC, ìyẹn aago àgbáyé. Ẹ má rò pé aago rẹ̀ ti bàjẹ́, wákàtí kan ni aago Nàìjíríà fi ṣáájú UTC. Ẹ gbé ohùn Bàbá kan sórí Desktop kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ ṣí i. Ẹ má gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, ẹ fa á lọ sí àárín, ẹ fa á lọ sí ìparí. Tí Bàbá bá ń sọ̀rọ̀ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé ẹ ní backup. Kó tó dìgbà náà, dísìkì lásán ni ẹ ní.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kan nípa ohùn yẹn. WAV tó wọ́pọ̀ ń gba bíi 10MB ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan jẹ́ bíi 630MB, nítorí náà wákàtí mẹ́rìnlá Bàbá kò ju bíi 9GB lọ. (Hard drive àkọ́kọ́ tí IBM gbé jáde ní 1956 ní abọ́ irin 50, gbogbo rẹ̀ kò sì gbà ju bíi 5MB. Bàbá kò ní tíì kí yín tán kó tó kún.) Ẹ rí i pé ohun tí ẹ kò lè rí rà mọ́ láyé yìí kéré jọjọ nínú 180GB yẹn. Ẹ lè fi sórí fláàṣì 16GB. Ó lè wọ 15GB ọ̀fẹ́ tí Google ń fún èèyàn. Tó bá jẹ́ pé dátà ló wọ́n ní Ìsánlú, ẹ fún àbúrò yín ní fláàṣì kan kó gbé e sókè láti Àbújá. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn dípò kó máa fi Mac rẹ̀ dán dísìkì yín wò.

Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níta ilé: bí àwa oníṣẹ́ yìí ṣe ń kà á nìyẹn. Mo máa ń rí i tí èèyàn ń fi láptọ́ọ̀pù àti dísìkì sínú báàgì kan náà. Olè kan ṣoṣo ló máa gbé báàgì náà.

Ọ̀rọ̀ ìbéèrè ìdánwò yàtọ̀. Ìyẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fẹ́ rí. Windows Home kò lè fi BitLocker, ètò kọ́kọ́rọ́ ti Windows, ti dísìkì, àmọ́ ètò mìíràn tó ń jẹ́ VeraCrypt jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ lè fi ṣe àpótí alágádágodo kan nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ kó ìbéèrè sí i. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ ti ohùn Bàbá o. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́yìn yín kò ní mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ẹ yàn, VeraCrypt kò sì ní ẹnì kankan tí a lè lọ bẹ̀.

Ibi tí ẹ ó gbé dísìkì sí: kì í ṣe abẹ́ páànù tó gbóná, kì í ṣe orí tẹlifíṣọ̀n. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ wé e kí ẹ gbé e sínú páálí, pẹ̀lú wáyà tirẹ̀. Ẹnu wáyà pẹlẹbẹ yẹn ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ má fi wáyà gbé dísìkì sókè. Ẹ fi bébà lẹ ọjọ́ tí ẹ rà á mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi kì í fi ọkàn tán dísìkì tó bá ti kọjá ọdún márùn-ún, bó ti wù kó máa ṣiṣẹ́ tó.

Ó ku ti àtijọ́ tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́. Ẹ má so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mọ́, àní láti wò ó. Nínú rẹ̀, abọ́ kan ń yí, abẹ́rẹ́ kan sì ń fò lókè rẹ̀ láìfara kàn án. Àlàfo tó wà láàárín wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí fọ́nrán irun orí kan fi nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìró tí ẹ ń gbọ́ yẹn, abẹ́rẹ́ ló ń wá ọ̀nà tí kò rí, ó ń padà, ó tún ń lọ. Bí ó ti ń lọ tó ń bọ̀, ó lè máa ha ojú abọ́ náà, ibi tó bá sì ha, kò sí ẹni tó lè kà á mọ́. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ gbé e sínú fíríìsà, ẹ má gbọ́ tirẹ̀, omi á rìn nínú rẹ̀. Tí kò bá sí ohun pàtàkì nínú rẹ̀, ẹ jù ú sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ohùn Bàbá kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn, ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí iye ìgbà tó kù tí a lè tàn án ní ìwọ̀n. Tí ẹ bá ń gbé e bọ̀ ní Kábà, ẹ wọ mọ́tò, kí ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ yín. Ẹ má gbé e lé ọ̀kadà gba ọ̀nà Mopa yẹn.